Ọ̀gágun Tí Ìbọn Kì Í Ràn

Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ sín, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, bóyá ẹni tí yóò kí wọn wà nítòsí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Sinimá àti Géèmù. Ọkùnrin náà ga níwọ̀n, ó sanra níwọ̀n, orí rẹ̀ sì pá níwọ̀n, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ kò ní ìwọ̀n rárá. Oyè tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́fà. Ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ á ti gbàgbé ohun tó bá wá.

Bó bá dé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ní láti dìde kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ títí yóò fi gun àtẹ̀gùn tán. Méjìdínlógójì ni àtẹ̀gùn náà. Orúnkún ń dun Ọ̀gá, nítorí náà ó máa ń dúró sinmi láàárín, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ sinmi. Akọ̀wé rẹ̀ ló ń gbé àpò ṣáájú, ẹ̀yìn ló sì fi ń rìn, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn. Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe akọ̀wé náà, torí kò sí gbólóhùn mìíràn lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ọmọbìnrin kan ti ń ṣe ayẹ̀wò géèmù. Aláyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá géèmù tuntun títí ìka á fi máa ro ó, kó wá kọ ojú-ìwé méjì: ọ̀kan fún agbára géèmù náà, èkejì fún àléébù rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò kí wọ́n tó fún un ní lẹ́tà tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, ó sì ti lo oṣù márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èèyàn mẹ́ta ló ti jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọ̀gá lé lọ, nítorí pé wọ́n kọ ojú-ìwé kejì. Ìyá Aláyẹ̀wò, tó jẹ́ aránṣọ tẹ́lẹ̀, kò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, iṣẹ́ ọmọ yìí nìkan ló kù tí ìyá àti ọmọ ń jẹ nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ní kó lọ máa bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn?

Géèmù tó wà nílẹ̀ nígbà náà jẹ́ géèmù oníbọn tí wọ́n fà yọ látinú fíìmù àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Afárá Kò Ní Í Já. Àwọn sójà méje ló wà nínú fíìmù náà. Wọ́n fẹ́ di afárá kan mú fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí àwọn ará ìlú lè ráyè sá kọjá. Kí wọ́n tó dé ibi afárá, wọ́n ní láti gba odi kékeré kan wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ bodè ló sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ wọlé." Ó tán. A kò rí i mọ́ títí fíìmù fi parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀gá Àgbà ni, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí irun ṣì wà lórí.

Aláyẹ̀wò mọ fíìmù náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń wò ó kí bàbá tó kú. Gbogbo ìgbà tí aṣọ́bodè bá ti yọjú ni bàbá máa ń dá ọ̀rọ̀ gbogbo ilé dúró. Á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe máa sọ ọ́. Ó mọ̀ pé wọn ò ní padà wá, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun mọ̀." Ìyẹn ló jẹ́ kó dun ọmọbìnrin náà dọ́kàn nígbà tó gbọ́ ohun tí Ọ̀gá fẹ́ ṣe sí géèmù wọn.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó jókòó sórí àga tó ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó wú ikọ́, Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá kọ ikọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Ọ̀gá wí, "mo ti wo géèmù yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n nǹkan kan kù níbẹ̀. Kí ló kù?"

Ó fi ìka lu àyà ara rẹ̀.

"Èmi ni! Ta ni aṣọ́bodè? Aṣọ́bodè lásán-làsàn! Ṣé irú èèyàn tí mo jẹ́ ló yẹ kó máa ṣọ́ bodè? Ẹ sọ ọ́ di Ọ̀gágun. Ẹ fi àmì ẹ̀yẹ sí i láyà, kó kún dé orúnkún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," ni akọ̀wé wí.

"Kó ga. Kó ga ju ilé lọ."

Onírùngbọ̀n, ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo géèmù náà, rọra nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, bó bá ga ju ilé lọ, kò ní lè wọlé."

Ọ̀gá ronú sí i títí, wọ́n wá gbà pé kó ga ní ìlọ́po méjì sójà yòókù, kó sì fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà.

"Ìbọn kò sì gbọdọ̀ ràn án o. Èmi ò lè máa kú lójú àwọn ọmọdé. Níbi gbogbo tí àwọn sójà bá lọ, kó wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n lè máa rí mi. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ̀rọ̀ ìwúrí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó. Ẹni tó ń gbá géèmù kò sì gbọdọ̀ yìnbọn nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Àrífín ni."

Onírùngbọ̀n tún nawọ́. "Àwọn ọ̀tá ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé kí àwọn náà dáwọ́ ìbọn dúró?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ kékeré bi léèrè ibi tí oòrùn ń sùn. "Ìwọ Onírùngbọ̀n, ṣé abẹ́ mi ni àwọn ọ̀tá wà? Ṣé mo ń fún ọ̀tá láṣẹ ni? Ẹni tó wà lábẹ́ mi ni mo ń bá wí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onírùngbọ̀n lọ ṣe é bí wọ́n ṣe rán an. Ẹni tó ti ń bá irú ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Aláyẹ̀wò fi gbá géèmù náà. Mo ní láti sọ òótọ́ fún yín, nítorí òun náà sọ ọ́: ohun tó dára níbẹ̀ kò kéré. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páánù odi náà, ẹ óò fẹ́ wá nǹkan bo orí. Pákó afárá ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe dún nínú fíìmù. Ìbọn wúwo lọ́wọ́ èèyàn, kì í ṣe bí ohun ìṣeré. Èèyàn méjì lè jọ gbá a, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ẹ̀yìn èkejì. Ó kọ gbogbo èyí sí ojú-ìwé kìíní, inú rẹ̀ sì dùn bó ṣe ń kọ ọ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Onírùngbọ̀n àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rí àwọn nǹkan wọ̀nyí gbádùn. Bí èèyàn bá ti wọlé, Ọ̀gágun á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ á di sí ara ìbọn, kò ní yìn. Àwọn ọ̀tá tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni á yọ ní òdìkejì odò, wọ́n á fi ọta dárà sí ọ lára. O kú. O padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun á tún wú ikọ́, á ní, "Ẹ̀yin akọni mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé…" Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni Aláyẹ̀wò gbọ́ ìtàn ìgbà ọmọdé Ọ̀gá kó tó rí ọgbọ́n kan dá. Ó rí i pé ìbọn kì í ran Ọ̀gágun, ó sì fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Ó lọ sá sẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà kò kú mọ́. Ó kàn ń tì í lọ níwájú bí ẹni ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ọta ń ta lára Ọ̀gágun, Ọ̀gágun ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì la ogun já láìyin ìbọn kan ṣoṣo. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu afárá ni Ọ̀gágun há sáàárín òpó méjì. Kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni géèmù parí sí.

Ní ilé, Aláyẹ̀wò jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé bírò lé etí.

"Màámi, bí mo bá kọ ojú-ìwé kejì yìí, wọ́n á lé mi. Bí mi ò bá kọ ọ́, ọjọ́ tí géèmù yìí bá dójú tì wọ́n, wọ́n á ní aláyẹ̀wò ni kò ríran."

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ọmọ mi. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni ìyá dáhùn. "Ìwọ náà mọ̀."

"Nítorí náà, kí n má kọ ọ́?"

Ìyá fi ọwọ́ wá etí aṣọ rẹ̀. "Ṣé o rántí aṣọ tí mo rán fún aládùúgbò wa, tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì? Gbogbo èèyàn ní ó dára. Bàbá rẹ nìkan ló sọ fún mi. Inú bí mi, n ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun nìkan ni mò ń fi aṣọ hàn."

Aláyẹ̀wò kọ ọ́. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó kọ àléébù márùn-ún sílẹ̀ láìfi ọ̀kan bò.

Nígbà tó tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá, ọkùnrin náà wo orí ojú-ìwé kejì, òógùn bò ó. Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá ti fi àṣẹ síta pé ọ̀rọ̀ náà, *àléébù*, kò gbọdọ̀ hàn lórí ìwé kankan nílé-iṣẹ́ náà mọ́, nítorí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀ nígbà kan. Akọ̀wé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó pa àkọlé ojú-ìwé kejì rẹ́, ó kọ "Agbára, Apá Kejì" sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀," ni Aláyẹ̀wò wí.

"Abẹ́ kẹ̀? A kì í ka abẹ́ níbí. Àkọlé ni Ọ̀gá ń kà, àkọlé náà sì ti dáa báyìí." Ó tún pa orúkọ ọmọbìnrin náà rẹ́ nísàlẹ̀, ó fi ti Ọ̀gá sí i, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ìwé. "Lọ fọkàn balẹ̀. Lẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti ṣí géèmù yìí tán lọ́la, ó máa fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin náà rí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá fòfin de orúkọ àìsàn kò ní ṣàìsàn mọ́. Ẹ lọ bi ẹni tó bá wà ní bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà wá. Ìyá àgbà tín-ín-rín kan ni, tó ti ṣe tíṣà fún ọdún púpọ̀ kó tó wọ ìjọba, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bírò pupa kan kì í sì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ọ̀gá kí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ó pè é ní oòrùn, ó pè é ní òṣùpá, ó ń wá ìràwọ̀ kan mọ́ ọn nígbà tí Mínísítà na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní nǹkan tí wọ́n fi ń gbá a."

Wọ́n gbé pádì lé e lọ́wọ́, àwòrán sì yọ lára ògiri ńlá níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀gá mú ìwé ayẹ̀wò náà, ó dúró ti gbohùngbohùn. Kò tíì kà á wò rí. Kò tíì ka ìwé kankan wò rí kó tó kà á fáyé gbọ́. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ojú-ìwé kìíní lọ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òjò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún pákó afárá. Ọ̀gá ṣí èkejì.

"Agbára, Apá Kejì!" ló ké. "Èkíní: ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun gùn jù, kò nítumọ̀, kò sì ṣeé fò!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ gbà-gbà-gbà, bí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára. Lára ògiri, Ọ̀gágun ń sọ ìtàn ìgbà ọmọdé, sójà Mínísítà sì ṣubú lulẹ̀.

"Èkejì: ẹni tó ń gbá géèmù máa ń kú nígbà tí Ọ̀gágun bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń fọ́nká. Ọ̀gágun tún wú ikọ́ lára ògiri. Mínísítà tún kú.

"Ẹ̀kẹta!" Ọ̀gá na ìka sókè. "Ọ̀gágun kò wúlò fún ohunkóhun nínú ogun yìí, àfi kí èèyàn sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀!"

Mínísítà gbọ́ ìyẹn, ó gbìyànjú rẹ̀, ó sá sẹ́yìn Ọ̀gágun. Kò kú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rín ràn, àwọn kan ń di imú mú. Ọ̀gá rò pé ayọ̀ ni, ó gbé ohùn sókè sí i.

"Ẹ̀kẹrin: ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń há sẹ́nu ọ̀nà gbogbo èèyàn!"

Lára ògiri, Ọ̀gágun há. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àga dún.

"Ẹ̀karùn-ún: bí wọ́n bá mú un kúrò pátápátá, géèmù yìí á dùn!"

Mínísítà gbé pádì sílẹ̀.

"Ta ló kọ ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí?"

"Èmi fúnra mi ni, Màmá!" Ọ̀gá tẹríba títí orí fi kan gbohùngbohùn. "Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, inú ọpọlọ mi ló ti jáde. Mi ò sùn nítorí rẹ̀."

"Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo rí i lójú ara mi. Ẹ wá mọ̀ pé báyìí ló ṣe bàjẹ́ tó, ẹ kò tún un ṣe, ẹ ní kí n wá wò ó?"

Ìgbà náà ni Ọ̀gá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ ṣe bí ojú ẹni tó gun ọkọ̀, tó wá rí i pé kì í ṣe ọ̀nà ilé òun ló ń lọ.

"Kì í ṣèmi!" ló pariwo. "Aláyẹ̀wò ló kọ ọ́! Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn! Wọ́n fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́!"

Gbogbo ojú yí padà. Aláyẹ̀wò dìde. Ó ń rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, àti lẹ́tà tí kò tíì níbuwọ́lù lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ń mi orí sí i láti iwájú pé kó sẹ́.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" ni Mínísítà bi í.

"Èmi ni, Mà. Ṣùgbọ́n àkọlé yẹn kọ́ ni mo fi sórí ojú-ìwé kejì."

"Kí lo fi síbẹ̀?"

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló di etí wọn.

"Àléébù, Mà."

Ọ̀rọ̀ náà jáde, òrùlé kò sì wó. Mínísítà mú bírò pupa jáde, ó gba ìwé lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó fagi lé àkọlé, ó kọ ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ó fagi lé orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ó bi ọmọbìnrin náà léèrè bó ṣe ń kọ tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé lẹ́tà iṣẹ́ ọmọ náà ṣì ń retí ìbuwọ́lù lórí tábìlì Ọ̀gá, ó ní kí wọ́n lọ gbé e wá fún òun.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti tú ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lára ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ti ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú ọ̀gá tuntun. Ó ṣubú lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ọ̀gá tuntun yára ju ti àná lọ. Onírùngbọ̀n mú Ọ̀gágun kúrò, ó dá aṣọ́bodè padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì rẹ̀, géèmù náà sì gbayì débi pé àwọn arúgbó ń tò fún un. Ní ti Ọ̀gá Àgbà àná, ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì mọ ibi tí wọn ó fi í sí. Wọ́n ní kó lọ máa ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn sinimá ilé-iṣẹ́ fún àwọn tó bá wá wo fíìmù àtijọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀ ìkíni fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ kejì, ó dín in kù. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Aláyẹ̀wò di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú wá wo Afárá Kò Ní Í Já. Nígbà tó rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dín ìrìn kù. Kò yọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ti rù, orúnkún ṣì ń dùn ún. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé ohun púpọ̀, ó wá rí ìyá ọmọ náà tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé," ló wí.

Ìyá dúró gbagidi. Kò rí ojú ẹni náà, ó kàn dẹ etí sí i. "Ọmọ mi, ta nìyẹn? Ohùn tí bàbá rẹ máa ń ní ká dákẹ́ fún nìyẹn o." Ó na ọwọ́ síwájú títí ó fi kan apá ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ tún un sọ."

Gbogbo ayé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ wọlé," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.